Ìsàlẹ̀ lọjà, òkè nilé: àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àárín ìlú Òṣogbo

Ògiri ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa dà wó lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, àwọn tó ń gbébẹ̀ ti kó lọ tipẹ́, ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn ni kò jẹ́ kó pa ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí lórí fóònù, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé "tiwa ló kàn o."

Kó tó di Sátidé wọ́n ti pe ìpàdé ẹbí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ká wó ilé Bàbá Àgbà, ká gbé ilẹ̀ yẹn fún ọkùnrin olówó kan tó ti ń bẹ̀ wọ́n látọjọ́ yìí, á kọ́ plaza sí i, á fún ẹbí ní ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ nínú ẹ̀. Mo wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, mo dẹ̀ mọ̀ pé tí mo bá débẹ̀ tí mo kàn ń ké pé ilé àtijọ́ ni, ilé àtijọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe lọ bẹ bàbá kan tó ti ń ṣe bíríkìlà kí wọ́n tó bí mi, pé kí wọ́n bá mi wọ inú ilé yẹn ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò látorí páànù dé ìpìlẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn, àtohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa àwọn ilé àárín ìlú wa, ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ilé wa ò jìnnà sí Station Road, apá ibi téèyàn ń gbà tó bá ti Ọjà Ọba ń lọ sí téṣàn rélùwéè. Kì í ṣe ilé ńlá. Ìsàlẹ̀ kan, òkè kan. Ìsàlẹ̀ ní ilẹ̀kùn mẹ́rin tó kọjú sí títì, pákó ìrókò ni gbogbo wọn, ilẹ̀kùn alápá méjì tó ń ṣí síta, ẹnu ṣọ́ọ̀bù ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Méjì wà lọ́tùn-ún, méjì wà lósì, ẹnu ọ̀nà ilé gan-an wá wà láàárín, òun ló wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ tààrà títí dé ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá tó bí bàbá mi ló ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Aṣọ ni wọ́n ń tà, ànkárá, gínnì, àdìrẹ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn aláró, ìlú aró ṣáà la wà. Láàárọ̀ wọ́n á gbé tábìlì sábẹ́ faránda, wọ́n á to aṣọ sí i. Tó bá di ọ̀sán wọ́n á gòkè lọ dáná, ọmọ kan á jókòó ti ọjà. Tí oníbàárà bá dé tó bèèrè iye, ọmọ yẹn ò ní dìde, á kàn gbójú sókè á pariwo pé "Màmá, wọ́n ní èló lọ̀pá kan?" Màmá á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á dá iye, oníbàárà á dúró sójú títì á máa ná an sókè, wọ́n á máa dá a lóhùn wá sísàlẹ̀, títí ọ̀rọ̀ á fi wọ̀ tàbí tí ẹni yẹn á fi bá tiẹ̀ lọ. Gbogbo ará àdúgbò ló ń gbọ́ iye tí wọ́n tà á. Ọbẹ̀ ò jóná, ọjà ò sì dá wà. Ẹni tó kọ́ ilé yẹn mọ̀ pé obìnrin kan á fẹ́ wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó dẹ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí irú ilé yìí ṣe di púpọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rélùwéè lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ojú irin tó ti Èkó wá dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó dé Òṣogbo lọ́dún 1907, ó wá kọjá sí Ìlọrin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Látìgbà náà ni ẹrù Èkó ti ń sọ̀ lọ́dọ̀ wa, iyọ̀, aṣọ, ìṣó, páànù, símẹ́ńtì, tí ekuro àti epo pupa tiwa, àti kòkó nígbà tó yá, náà ń gbabẹ̀ lọ. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ojú irin ò gba ìlú wọn kọjá, Òṣogbo ni wọ́n ń gbé ẹrù wá. Àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó dé, irú John Holt àti UAC, wọ́n kọ́ sítọ́ọ̀. Àwọn ará Lẹ́bánónì tí àwọn ìyá wa ń pè ní Kòráà náà dé. Àwọn èèyàn wa wá ń ra ọjà ní bélì ní bélì lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń tú u tà lọ́pàá lọ́pàá. Àárín àwọn tó ń tú ọjà tà yìí náà làwọn Òṣómàálò wà, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láwìn láti abúlé dé abúlé, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó wọ́n á lóṣòó síbẹ̀, wọ́n á ní òṣó làwọn máa wà títí owó àwọn á fi pé. Owó aṣọ àti owó kòkó ló kọ́ ọ̀pọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn. Ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńpìnnì fẹ́ kí ilé tòun náà dúró sójú títì, kí ẹni tó ń sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin rí i.

Wọ́n tiẹ̀ kọ ọdún sára ẹ̀. Ẹ bá mi wo òkè fèrèsé àárín tẹ́ ẹ bá kọjá, lábẹ́ òrùlé gan-an, ẹ máa rí nọ́ńbà tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ, nígbà míì orúkọ onílé náà máa ń wà níbẹ̀. Tiwa ní 1936.

Ẹni tó kọ́ wa ní irú ilé yìí, àwọn Àgùdà ni. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, Bàhíà ló pọ̀ jù nínú ibi tí wọ́n wà, nígbà tí wọ́n gba òmìnira, pàápàá lẹ́yìn ìjà táwọn Mùsùlùmí jà níbẹ̀ lọ́dún 1835, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, àwọn kan sọ̀ sí Wìdà, àwọn kan sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, àwọn kan sí Èkó níbi tí wọ́n ń pè ní Pópó Àgùdà. Bíríkìlà àti kápẹ́ńtà pọ̀ nínú wọn. Ohun tó máa ń wú mi lórí ni pé ọwọ́ kan náà ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́ mọ́ṣáláṣí: mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí l'Ékòó lọ́dún 1894, Àgùdà tó ń jẹ́ João Baptista da Costa ló darí iṣẹ́ ẹ̀. João Esan da Rocha tó ni ilé tí wọ́n ń pè ní Water House, ilé omi, ní Kakawa l'Ékòó, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, wọ́n mú un lọ nígbà tó wà ní kékeré, ó sì padà wá kọ́ ilé tí gbogbo Èkó mọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, àtàwọn tó tún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn náà, ni wọ́n bá ojú irin àti owó kòkó wọ òkè wá. Òótọ́ ni pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó lọ́jọ́ lórí jù nílẹ̀ wa wà ní Àgbádárìgì, àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ẹ̀ lọ́dún 1845, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, àwọn èèyàn ń lọ yà á ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ilé àlejò nìyẹn. Ti Àgùdà ni èyí tí àwọn èèyàn wa rí tí wọ́n ní "èyí lèmi náà fẹ́ kọ́."

Wọn ò dẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Bàhíà. Agbo ilé ni bàbá wa ń gbé tẹ́lẹ̀, akódì onígun mẹ́rin, àárín ẹ̀ ṣófo tí òjò ń rọ̀ sí, yàrá yí i ká, gbogbo ẹnu ọ̀nà ló ń wo inú. Ẹ̀yìn ògiri lẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń rí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yí ojú sí títì, ó ṣí fèrèsé sí títì, ó gbé ọjà sí ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ nínú ilé, ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó gba àárín kọjá yẹn, yàrá lọ́tùn-ún yàrá lósì. Àgbà kan nínú ẹbí wa ló là mí lójú sí i, wọ́n ní akódì náà ni, pé wọ́n kàn fún un mọ́ra ni. Mo rò ó títí, òótọ́ ni. Ibẹ̀ la ti ń ṣèpàdé, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Bàbá Àgbà sí kí wọ́n tó sin wọ́n, ibẹ̀ làwa ọmọdé ti ń sá eré nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Kò sẹ́ni tó ni ín, gbogbo èèyàn ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ara àwọn ilé yìí, mi ò lè sọ ọ́ tán. Òpó tí wọ́n lọ́ bí okùn. Òdòdó tí wọ́n mọ yí ojú fèrèsé ká. Ìlà tó yí ilé po láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè. Kìnnìún méjì lórí òpó géètì, bíríkìlà tó mọ wọ́n lè má tíì rí kìnnìún sójú rí, ìrísí ọ̀kan jọ ajá, ìrísí èkejì jọ bàbá àgbà tó ń bínú, mo fẹ́ràn wọn gan-an. Bíríkìlà la pe àwọn èèyàn yìí, owó bíríkìlà la san fún wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń ṣe. L'Óṣogbo ńbí la ti rí ẹ̀rí ẹ̀ kedere: Adébísí Akanji, bíríkìlà ni, nígbà tí Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì tó ń gbé níbí nígbà yẹn, ní kí àwọn bíríkìlà wá fi símẹ́ńtì mọ irú ẹranko tó ń wà lára àwọn ilé Àgùdà yẹn, òun náà mọ tiẹ̀, ibẹ̀ ló gbà di ẹni tí ayé mọ̀. Àwọn ògiri símẹ́ńtì oníhò tó kún fún àwòrán èèyàn àti ẹranko, tí atẹ́gùn ń gba àárín ẹ̀ kọjá, òun ló ṣe é, ó ṣe ọ̀kan sí ilé epo kan nínú ìlú ní 1966, ó tún bá Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà ará Austria, ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò wá wo igbó Ọ̀ṣun torí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005, tó wá gba àárín ìlú kọjá láìgbé ojú sókè, ìyá iṣẹ́ yẹn ló fò kọjá.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ àwọn ilé yìí ò hàn mọ́. Agbòòrùn àwọn oní-POS, síńbọ́ọ̀dù, páànù tí wọ́n ta síta láti fi ṣe ìbòòrùn, bánà kọ́ńpìnnì fóònù, gbogbo ẹ̀ ló bo ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Òkè ló ṣì wà bó ṣe wà. Mi ò bínú sí àwọn tó ń tajà o, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀.

Bàbá Bíríkìlà dé lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Wọn ò kọ́kọ́ wo ibi tó sán lára ògiri tí gbogbo wa ń wò, ńṣe ni wọ́n ní ká gbé àkàbà wá, wọ́n gòkè àjà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wọ́n ní páànù àkọ́kọ́ tí Bàbá Àgbà kàn ṣì wà nípọn lápá iwájú, òun ni kò jẹ́ kí iwájú ilé bàjẹ́, àwọn tí wọ́n fi pààrọ̀ tẹ̀yìn láìpẹ́ yìí ló fẹ́lẹ́ bí ìwé, ó ti lu, omi ti ń wọ orí ògiri láti òkè fún ọdún mélòó kan láìsẹ́ni tó mọ̀. Ògiri amọ̀ ni tiwa, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ ọ́n, tí ìpele kan ò bá tíì gbẹ wọn ò ní gbé òmíì lé e. Símẹ́ńtì ìta yẹn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, torí símẹ́ńtì wọ́n nígbà yẹn, òkèèrè ló ti ń wá, àyíká 1960 ni iléeṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n wá jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa kí òjò má kan ògiri rárá.

Ibi tó dùn mí jù ni ẹsẹ̀ ògiri lẹ́yìn ilé. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, a dáwó, a ní ká tún ilé ṣe. A ra símẹ́ńtì, a rẹ́ ògiri ẹ̀yìn ní nínípọn láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé, a tún da kọnkéré yí ilé po kó lè mọ́ tónítóní. Gbogbo wa la rò pé ohun tó dáa la ṣe. Bàbá Bíríkìlà fi kọ́kọ́rọ́ gbá símẹ́ńtì yẹn, ó ń dún kò-kò-kò, inú ẹ̀ ti ṣófo. Wọ́n ṣí èépá kan kúrò, amọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ tutù bí ẹ̀kọ. Wọ́n ní amọ̀ máa ń mumi, á dẹ̀ tún mú un jáde fún oòrùn, bó ṣe ń mí nìyẹn, a wá fi símẹ́ńtì líle dí i nímú. Omi tó ti òkè wọlé ò rọ́nà jáde, omi tó yẹ kó lọ sínú ilẹ̀, kọnkéré ti lé e padà sábẹ́ ògiri. Ilé tó wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i gan-an nìyẹn, wọ́n rẹ́ tiwọn kí a tó rẹ́ tiwa. Wọ́n ní "Ilé ẹrẹ̀ kì í kú ikú ọjọ́ orí, òjò àti àìmọ̀kan ló ń pa á." Mi ò lè sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Títì náà wà nínú ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún títì ṣe, wọ́n á da òmíì lé ti tẹ́lẹ̀, títì ń ga sí i, ilé ń wọlẹ̀ sí i. Mo rántí pé àtẹ̀gùn mẹ́ta la máa ń gùn wọ ṣọ́ọ̀bù Màmá nígbà tí mo wà ní kékeré. Báyìí ẹyọ kan ló kù lójú, tí gọ́tà bá ti dí, omi á kàn rìn wọlé ni. Àwọn ilé tó wà lórígun títì tiẹ̀ ti gba X pupa, wọ́n ní wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà.

Àmọ́ ká sòótọ́, omi kọ́ ló ń pa àwọn ilé yìí jù. Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí ni. Bàbá Àgbà fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ìdí-igi mẹ́ta nìyẹn, àwọn ọmọ, ọmọ ọmọ, àwọn míì wà ní Kánádà, àwọn míì a ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n wà. Ilé ẹbí, bí àṣà wa ṣe wí tí kóòtù náà sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ò lè dá a tà, olórí ẹbí àtàwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyẹn dáa, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n ti tà á látọjọ́ pípẹ́. Apá kejì ẹ̀ ló le: tí ẹnì kan nínú ẹbí bá mú owó ara ẹ̀ tó fi tún ilé yẹn ṣe, tó tiẹ̀ kọ́ yàrá tuntun mọ́ ọn, ti ẹbí ni gbogbo ẹ̀, kò lè torí ẹ̀ sọ pé òun lòun ni ín. Ta ló wá fẹ́ náwó síbẹ̀? Ẹni tó bá lówó á lọ kọ́ tiẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú. Owó ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dẹ̀ ń wọlé lọ́dọọdún, a ń pín in sí mẹ́ta, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan tún ń pín tiwọn, ohun tó kàn mí lọ́dún tó kọjá ò tó owó mọ́tò tí mo fi lọ gbà á. Ilé ń bọ́ gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ń bọ́ ọ.

Kí n tó sọ bí ìpàdé ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi nípa ohun méjì tí àwọn èèyàn máa ń sọ. Àwọn kan á ní kí ìjọba wá gbà á, kí wọ́n sọ ọ́ di ohun ìrántí. Ẹ wo Ilojo Bar, ní Tinubu Square l'Ékòó. Àwọn ẹbí Fernandez ló ni ilé yẹn láti 1855, Alfred Omolana Olaiya rà á lọ́dún 1933, wọ́n kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956, ọ̀kan nínú ilé Àgùdà tó rẹwà jù tó ṣẹ́ kù. Wọ́n fi katakata wó o ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, ọjọ́ Sunday. Ìwé ìjọba tó ti wà fún ọgọ́ta ọdún ò gbà á sílẹ̀. Mo fẹ́ kí òfin wà, kí òfin dẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ilé tí àwọn tó ni ín ò rí oúnjẹ jẹ nínú ẹ̀ mọ́, bébà ò lè dì í mú.

Àwọn kejì ni àwọn tó ní ká wó o ká kọ́ plaza. Mo lọ wo plaza mẹ́ta láàárín ìlú lọ́jọ́ yẹn. Ìsàlẹ̀ kún. Òkè àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣófo, ẹni tó ń ra aṣọ ò fẹ́ gun àtẹ̀gùn, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe iwájú, oòrùn ń wọlé tààrà, tí kò bá sí iná èèyàn ò lè jókòó síbẹ̀ ní ọ̀sán. Mo padà wọ ṣọ́ọ̀bù Màmá ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kan náà, kò síná níbẹ̀ náà, ó tutù. Ògiri ìgbọ̀nwọ́ kan, àjà gíga, fèrèsé pákó tí atẹ́gùn ń wọ̀. Àwọn àgbà yẹn ti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ lọjà, òkè nilé. Àwa là ń kọ́ òkè fún ọjà tí kò ní gòkè.

A tún ní àpẹẹrẹ lábẹ́ imú wa pé irú ilé yìí lè ṣe iṣẹ́ míì láìkú. Ilé tí Àdùnní Olórìṣà gbé ní Ìbòkun Road títí tí wọ́n fi kú lóṣù Kìíní ọdún 2009, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà ni. Ilé ọtí Dúró Ládípọ̀, eléré orí ìtàgé, nínú ìlú yìí kan náà ló di Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré, ní 1962, ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àtàwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Wọn ò wó ohunkóhun kí wọ́n tó ṣe é.

Ìpàdé ọjọ́ Sátidé gbóná. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, àwọn kan dúró sójú àtẹ̀gùn. Mo sọ ti páànù, mo sọ ti símẹ́ńtì, mo gbé èépá símẹ́ńtì tó ṣí kúrò yẹn sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ nínú wa ló ta kò mí jù, mo dẹ̀ mọ ìdí ẹ̀, owó ni wọ́n nílò, iṣẹ́ ò sí. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kì í ṣe èmi. Bàbá mi kékeré, àwọn ni olórí ẹbí báyìí, ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá olówó yẹn sọ̀rọ̀ pé "Sàréè Bàbá wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ibo ló máa wà nínú plaza yẹn?" Gbogbo ilé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ti rò ó débẹ̀. Ìyá kan láti ìdí-igi kejì ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ibi tá a parí ẹ̀ sí nìyí. Fún ọdún méjì, kò sẹ́ni tó máa gba owó ṣọ́ọ̀bù pín. Owó náà á máa lọ sí àkáǹtì kan, ẹnì kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan á máa fọwọ́ sí i kí wọ́n tó yọ ọ́, a kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wa fọwọ́ sí i. Páànù ẹ̀yìn la máa kọ́kọ́ ṣe, èyí tó nípọn, kódà bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ la máa rà á. Lẹ́yìn náà la máa fọ́ kọnkéré tó yí ilé po lẹ́yìn, ká gbẹ́ gọ́tà tó jinlẹ̀, ká gé símẹ́ńtì líle yẹn kúrò lára ògiri. Bàbá Bíríkìlà ní àwọn ò ní fọwọ́ kan ògiri fúnra ẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi wọlé dáadáa, pé amọ̀ tó tutù ò ṣeé bá ṣiṣẹ́, kó kọ́kọ́ gbẹ. Wọ́n tún ní ká lọ bẹ àwọn ẹbí tó ni ilé tó wó, kí wọ́n fún wa nínú amọ̀ tó dà sílẹ̀ yẹn, pé amọ̀ tó ti jẹ́ ògiri rí, tí èèyàn bá gún un, tó pò ó, ó tún máa ń di ògiri. Wọ́n ti fún wa. A fi ọ̀rá bò ó lẹ́yìnkùlé.

Mo béèrè lọ́wọ́ àǹtí tó háyà ṣọ́ọ̀bù Màmá bóyá wọ́n á fẹ́ kó lọ síbòmíì títí iṣẹ́ á fi parí. Wọ́n ní rárá o, pé àwọn á máa gbé tábìlì láti ilẹ̀kùn kan bọ́ sí èkejì bí iṣẹ́ bá ṣe ń dé. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́, oníbàárà kan ti dúró sójú títì, ó gbé aṣọ kan dání, ó ń béèrè èló lọ̀pá kan.